Bí Mo Ṣe Gbé Fóònù Màámi Wọ Inú Kọ̀ǹpútà Mi

Ẹ̀fọ́ ló fa gbogbo rẹ̀.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe, Yorùbá ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé girama kan n'Ìbàdàn. Ní táàmù kejì ọdún tó kọjá, mo mú ìdì gbúre kan wọ kíláàsì JS2, mo gbé e sókè, mo ní kí ni wọ́n ń pe ewé yìí nílé wọn. Ọmọ mẹ́tàlélógójì ló jókòó síbẹ̀. Ẹnì kan péré ló nawọ́, “waterleaf” ló sì pè é. Àwọn tó kù ń wo ara wọn lójú. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, torí ẹ̀fọ́ ni Màámi tà lọ́jà Ìsẹ́yìn tí wọ́n fi rán èmi àtàwọn àbúrò mi níléèwé. Gbúre, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ọ̀dú, yánrin, gbọ̀rọ̀, ewúro: mo ti mọ àwọn orúkọ yìí kí n tó mọ A, B, D.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ áàpù kékeré kan nìyẹn. Àwòrán ewé wà nínú rẹ̀, orúkọ ewé náà pẹ̀lú àmì ohùn tó pé, àti ohùn Màámi tí wọ́n ń pè é, tí wọ́n sì ń sọ bí wọ́n ṣe ń sè é. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe áàpù Android fúnra mi, lálẹ́, lẹ́yìn tí mo bá ti máàkì ìwé àwọn ọmọ tán. Nígbà tí mo parí àkọ́kọ́ rẹ̀, Màámi ni mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí, àwọn ló ni ohùn inú rẹ̀.

Wọ́n pè mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n kí wọn tán.

“Àbẹ̀kẹ́, kí ló dé tí àmì orí lẹ́tà wọ̀nyí ń rìn kiri?”

Màámi ka ìwé mẹ́fà. Wọ́n wà lára àwọn ọmọ tó jàǹfààní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1955, wọ́n sì ń ka Bíbélì Yorùbá láràárọ̀ títí dòní. Àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lójú wọn. Mo ní kí ọmọ àbúrò mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn ya ojú fóònù náà ránṣẹ́ sí mi. Gbólóhùn tí mo fi ṣí áàpù náà ni “Tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́.” Lórí fóònù tèmi, ó gún régé. Lórí ti Màámi, àmì dò tó yẹ kó wà lórí ẹ ti sún lọ sórí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, àmì mí tó wà lórí “tẹ́” sì ti lọ dúró sáàárín ọ̀rọ̀ méjì. Ẹ wò ó, àmì yẹn nìkan ló pààlà sáàárín tẹ̀ àti tẹ́ nínú òwe yẹn. Bó bá ti ṣí nípò, òwe ti bàjẹ́.

Mo fẹ́ tún un ṣe, àmọ́ báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé mo ti tún un ṣe? Fóònù Màámi wà n'Ìsẹ́yìn, èmi wà n'Ìbàdàn. Mi ò sì lè gbà á lọ́wọ́ wọn, torí òun ni wọ́n fi ń dá àwọn oníbàárà lóhùn, àwọn tó ń ra ẹ̀fọ́ lọ́pọ̀ láti òwúrọ̀ kùtùkùtù. Android 6 ló wà lórí rẹ̀, RAM rẹ̀, ìyẹn ibi tó ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, jẹ́ GB kan, ojú rẹ̀ ò sì fẹ̀. Irú fóònù yẹn gan-an ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ òbí àwọn ọmọ tí mò ń kọ́. Tí áàpù ẹ̀fọ́ ò bá ṣiṣẹ́ lórí fóònù ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́, ta ni mo ṣe é fún?

Ohun tí wọ́n ń pè ní emulator ni mo nílò nígbà náà: kí kọ̀ǹpútà máa ṣe bí ẹni pé fóònù lòun. Kì í ṣe àwòrán fóònù lásán. Android gan-an ló máa jí nínú rẹ̀, pẹ̀lú RAM tirẹ̀, ibi ìkópamọ́ tirẹ̀ àti bátìrì tí ẹ lè sọ pé ó ku ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ lè ti ara kọ̀ǹpútà fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i, kó dún bí fóònù gidi. Tó bá jẹ́ ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì lásán lẹ fẹ́ wò, ẹ ò nílò gbogbo èyí. Ẹ ṣí Chrome, ẹ tẹ F12, kí ẹ tẹ Ctrl, Shift àti M pọ̀, ojú ìwé náà á sì sún kì bíi ti fóònù. Ìwọ̀n ojú fóònù nìkan nìyẹn ń fi hàn yín ṣá o, Android kankan ò sí níbẹ̀.

Àbúrò mi ọkùnrin, tó fẹ́ràn géèmù gan-an, ló kọ́kọ́ gbà mí nímọ̀ràn. Ó dárúkọ emulator tó ń lò, ó ní òun ló dáa jù. Mo gbà á wálẹ̀, mo fi sórí kọ̀ǹpútà, mo jókòó tì í ní odindi ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí ẹ̀bi kì í ṣe tirẹ̀. Iṣẹ́ tí wọn ò ṣe é fún ni mo gbé lé e lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ fẹ̀ bíi tẹlifíṣọ̀n, ìpolówó géèmù kún un, kò sì sí bí mo ṣe lè sọ fún un pé Android 6 ni mo fẹ́, pẹ̀lú RAM GB kan. Ohun tí èmi ń wá ni fóònù tálákà. Òun ń fún mi ní fóònù olówó.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ nínú gbogbo ìtàn yìí nìyẹn: ẹ má bèèrè èyí tó dáa jù, ẹ bèèrè iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ṣe. BlueStacks, LDPlayer, NoxPlayer, MEmu, àti GameLoop tí Tencent ṣe, géèmù ni wọ́n dìídì ṣe wọn fún. Wọ́n á jẹ́ kí ẹ so bọ́tìnnì kíbọ́ọ̀dù mọ́ ibi tí ìka ń tẹ̀ lójú fóònù, kí ẹ sì ṣí fóònù méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ gbá géèmù, kó lọ síbẹ̀. BlueStacks 5 ní tirẹ̀ ń fẹ́ kí kọ̀ǹpútà ní RAM tó tó 4 GB, ó kéré tán, pẹ̀lú àyè 5 GB lórí dísìkì.

Ẹ jẹ́ kí n ya bàrá díẹ̀ síbí. Àwọn kan ti bi mí bóyá wọ́n lè máa fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lo áàpù báńkì lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ọ̀pọ̀ áàpù báńkì ò tiẹ̀ ní gbà, torí wọ́n máa ń mọ̀ pé fóònù gidi kọ́ nìyẹn. Ewu sì wà níbẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2021, ESET, ilé iṣẹ́ tó ń rí sí ààbò kọ̀ǹpútà, kéde pé àwọn ọ̀daràn ti wọ inú ọ̀nà tí NoxPlayer fi ń fi àtúnṣe ránṣẹ́ sáwọn tó ń lò ó, wọ́n sì fi fáìlì búburú sórí kọ̀ǹpútà àwọn èèyàn díẹ̀ tí wọ́n dójú sọ ní Éṣíà. Ibi tó tọ́ ni àwọn yẹn ti gba àtúnṣe wọn o. Láti ìgbà tí mo ti kà á ni mo ti ṣí àkáǹtì Google mìíràn tí mo fi ń dánǹkan wò. Kò sí fọ́tò nínú rẹ̀, kò sí nọ́ńbà ẹnikẹ́ni, kò sí owó.

Àwọn yòókù tí mo yẹ̀ wò ò pọ̀. Microsoft fúnra wọn gbé tiwọn sínú Windows 11, Windows Subsystem for Android lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró ní ọjọ́ 5 oṣù kẹta ọdún 2025. Mo ṣì ń rí fídíò àwọn tó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń fi í sórí ẹ̀rọ. Ẹ má fi dátà yín ṣòfò lórí wọn. Ẹni tó bá ń lo Linux ní Waydroid, tó yára gan-an torí kernel Linux, ìyẹn ọkàn ètò náà, tó ti wà lórí kọ̀ǹpútà ló ń lò. Genymotion wà fáwọn tó ń ṣe áàpù bíi tèmi. Ní ti iPhone, orí Mac nìkan ni ti Apple ti ń ṣiṣẹ́, nínú Xcode, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe áàpù iPhone. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ ta yín ní emulator iPhone fún Windows, ẹ yáa sá fún un.

Èyí tí mo wá mú ni emulator tó ń bá Android Studio wá, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe áàpù Android, tí Google fúnra wọn ṣe. Ọ̀fẹ́ ni. Ó jẹ́ kí n yan Android tó wù mí, ti àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí, kí n yan ìwọ̀n ojú fóònù àti iye RAM. Ó wúwo ṣá. Google ní kí kọ̀ǹpútà tó máa gbé Studio pọ̀ mọ́ emulator ní RAM 16 GB. Tèmi, tòkunbọ̀ tí mo rà ní Computer Village n'Íkẹjà, Core i5, 8 GB ló ní, SSD rẹ̀ sì jẹ́ 256 GB. Mo máa sọ bí mo ṣe yí i níwájú.

Kí n tó gba ohunkóhun wálẹ̀, ohun kan wà tó yẹ kí n ti kọ́kọ́ wò, mi ò sì wò ó nígbà tí mò ń gbìyànjú ti géèmù, ìdí nìyẹn tí ìyẹn náà fi ń wọ́ bí ìgbín. Virtualization ni wọ́n ń pè é. Fóònù tí ẹ fẹ́ gbé wọ inú kọ̀ǹpútà, odindi ẹ̀rọ ni. Bí ayálégbé ló rí. Tí onílé bá fún un ní yàrá pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, á máa wọlé á máa jáde fàlàlà. Tí kò bá fún un ní kọ́kọ́rọ́, gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ kọjá ló máa kan ilẹ̀kùn, tí wọ́n á ṣí fún un, tí wọ́n á tún tì í. Láìsí virtualization, gbogbo àṣẹ tí Android bá pa nínú kọ̀ǹpútà ló máa kan ilẹ̀kùn. Intel ń pe tiwọn ní VT-x, AMD ń pe tiwọn ní AMD-V. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà tó wà nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ló ní in, ṣùgbọ́n wọ́n lè ti tì í pa.

Bẹ́ẹ̀ ni tèmi ṣe wà. Mo tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ kí Task Manager lè ṣí, mo lọ sí Performance, mo tẹ CPU, mo sì rí i nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún: Virtualization: Disabled. Inú BIOS, ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó dé, ni wọ́n ti ń ṣí i, mi ò sì tíì wọ BIOS rí láyé mi. Mo pe Alfa tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wa.

“Àǹtí Tíṣà,” wọ́n ní, “ẹ tàn án padà, kí ẹ máa tẹ F10 léraléra kí Windows tó yọjú. Ti kọ̀ǹpútà ẹlòmíì F2 ni, ti ẹlòmíì F1. Tẹ́ ẹ bá wọlé, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Virtualization sí, ẹ yí i sí Enabled, ẹ tẹ Save, ẹ jáde. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan míì níbẹ̀ o.”

“Alfa, tí mo bá wá fọwọ́ kan nǹkan míì ńkọ́?”

“Ẹ ò ní fọwọ́ kan nǹkan míì mà.”

Mi ò sì fọwọ́ kan nǹkan míì. Abẹ́ System Configuration ni mo ti rí i lórí tèmi. Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá jẹ́ ti AMD, SVM Mode ló sábà máa rí níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ò gbà mí ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Nígbà tí mo padà sí Task Manager tí mo rí Enabled, mo pariwo débi pé aládùúgbò mi bi mí láti ojú fèrèsé bóyá iná ti dé.

Ó ku ẹyọ kan lórí Windows. Ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ àtijọ́ tó wà níta á sọ fún yín pé kí ẹ fi HAXM ti Intel, tó ń jẹ́ kí emulator lo virtualization, sórí ẹ̀rọ. Intel ti pa á tì láti ọdún 2023, ẹ má wá a. Ẹ kọ “Turn Windows features on or off” síbi tí wọ́n ti ń wá nǹkan, ẹ fi àmì sí Windows Hypervisor Platform, kí ẹ tan kọ̀ǹpútà padà. Ó parí.

Òru ni mo gba Android Studio wálẹ̀, torí òru ni dátà mi pọ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà sì máa ń já geere nígbà yẹn. Òun nìkan ju GB kan lọ, Android kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fẹ́ fi sínú rẹ̀ tún fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tàbí kó jù bẹ́ẹ̀. Iná lọ láàárín. Bátìrì láptọ́ọ̀pù mi gbé e dé ibì kan, ó sì kú. Lọ́jọ́ kejì ni mo parí rẹ̀.

Nínú Studio, Device Manager ni wọ́n ti ń dá fóònù tuntun. Wọ́n á kọ́kọ́ to oríṣiríṣi Pixel, fóònù tí Google ń ṣe, síwájú yín. Mi ò mú ọ̀kankan nínú wọn. Mo tẹ New Hardware Profile, mo sì ya fóònù Màámi bó ṣe wà: ojú rẹ̀ jẹ́ 480 sí 854, RAM rẹ̀ 1024 MB. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n yan Android tó máa gbé inú rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ níbí. Tí kọ̀ǹpútà yín bá jẹ́ ti Intel tàbí AMD, èyí tí wọ́n kọ x86 tàbí x86_64 sí lára ni kí ẹ mú. Tó bá jẹ́ Mac tuntun tó ń lo M1 síwájú, arm64 ni kí ẹ mú. Bí ẹ bá mú ti arm sórí Intel, kọ̀ǹpútà á ní láti máa túmọ̀ gbogbo àṣẹ kó tó ṣe é, ẹ ó sì jókòó títí.

Mẹ́ta ni mo dá. Èyí tó jẹ́ Android 6, mo sọ ọ́ ní Maami. Èkejì jẹ́ Android 8.1, torí orí ẹ̀yà yẹn ni Google ti bẹ̀rẹ̀ Android Go, tí wọ́n ṣe fún fóònù tí RAM rẹ̀ ò ju GB kan lọ, irú rẹ̀ sì pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ iléèwé mi. Ẹ̀kẹta jẹ́ Android 14, èyí tó ní Play Store nínú, kí n lè fi kíbọ́ọ̀dù Yorùbá ti Gboard sórí rẹ̀. Fóònù mẹ́ta wọ̀nyí jẹ àyè gan-an. Mo dá fódà kan sí dísìkì D, mo sì fi ANDROID_AVD_HOME, ètò tó ń sọ ibi tí àwọn fóònù náà máa wà, tọ́ka sí i kó má bàa kún inú C mọ́ mi lọ́wọ́.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Maami jí, ó tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ìkejì ò tó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, torí ó máa ń rántí ibi tó sùn sí. Bí mo sì ṣe ń ṣe é lórí RAM 8 GB ni pé mi ò kì í ṣí Studio àti emulator pọ̀. Mo máa ń pa Studio dé, mo máa ń pa Chrome dé pátápátá, màá wá ti inú Terminal, ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, jí fóònù náà:

emulator -accel-check
emulator -avd Maami
adb install efo.apk

Ìlà àkọ́kọ́ ló máa sọ bóyá ayálégbé ti rí kọ́kọ́rọ́ gbà. Ìlà kejì ló ń jí fóònù. Ìlà kẹta ló ń gbé áàpù sínú rẹ̀.

Mo ṣí áàpù ẹ̀fọ́ nínú Maami. Àyà mi ń já. “Tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́.” Ó gún régé. Kò sí àmì kankan tó ṣí nípò.

Inú mi ò dùn rárá. Android 6 nìyí, ojú fóònù kan náà, RAM kan náà, síbẹ̀ àìsàn náà ò yọjú. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń rò ó. Lọ́jọ́ kẹta, nígbà tí mo wà lójú agbárá òjò lọ́nà iléèwé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi: Android tó wà nínú emulator, Android ti Google ni, bí Google ṣe rán an. Èyí tó wà lọ́wọ́ Màámi ti gba ọwọ́ àwọn tó ṣe fóònù náà kọjá, àwọn yẹn sì ti pààrọ̀ fọ́ǹtì, ìyẹn ẹ̀yà lẹ́tà tó ń yọ lójú fóònù. Emulator lè gbé Android fún yín, kò lè gbé ohun tí oníṣẹ́ fóònù fi kún un.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ mo wọkọ̀ lọ sí Ìsẹ́yìn, pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù àti okùn USB. Mo jẹun tán kí n tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

“Ṣé kò ní pa nọ́ńbà àwọn oníbàárà mi rẹ́?” Màámi ló bèèrè bẹ́ẹ̀, fóònù náà ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

“Kò ní pa á rẹ́, mà. Ẹ̀dà lẹ́tà inú rẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ mú.”

“Kí o máa jókòó tì mí bó o bá ń ṣe é.”

Mo jókòó tì wọ́n. Mo lọ sí Settings, mo wá ibi tí wọ́n kọ Build number sí, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀méje kí ilẹ̀kùn àwọn tó ń ṣe áàpù lè ṣí, mo sì gba USB debugging láyè, èyí tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá fóònù sọ̀rọ̀ lórí okùn. Lẹ́yìn náà, ìlà kan péré:

adb pull /system/fonts

Fọ́ǹtì fóònù náà dà sórí kọ̀ǹpútà mi. Mo pa USB debugging padà, mo dá fóònù padà fún Màámi, wọ́n sì pe oníbàárà kan lójú mi láti rí i dájú pé nọ́ńbà ṣì wà. Lálẹ́ ọjọ́ náà, lórí àga àbúrò mi, mo fi fọ́ǹtì yẹn sínú áàpù náà, mo gbé e wọ inú Maami. Àmì dò sún lọ sórí t. Àmì mí lọ dúró sáàárín ọ̀rọ̀ méjì. Inú mi dùn bí ẹni tó rí ohun tó sọnù. Àìsàn tí mo bá ti rí, mo lè wò ó.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ gbogbo àwa tó ń kọ Yorùbá ni. Nínú Unicode, tí gbogbo kọ̀ǹpútà àti fóònù fi ń mọ lẹ́tà, è ní nọ́ńbà tirẹ̀, ẹ náà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ ò ní. Wọ́n ní láti kọ ẹ, kí wọ́n wá gbé àmì dò, tó jẹ́ nọ́ńbà ọ̀tọ̀, lé e lórí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ́, ọ̀ àti ọ́. Ẹni tó ṣe fọ́ǹtì ló gbọ́dọ̀ sọ ibi tí àmì máa jókòó sí lórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Tí kò bá rántí wa, àmì á kàn bọ́ síbi tó bá rí. Nínú “ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀”, lẹ́tà mẹ́rin ló wà nírú ipò yẹn. Ẹni tó ń kọ èdè Gẹ̀ẹ́sì lè ṣe áàpù títí ayé láìmọ̀ pé nǹkan báyìí wà.

Ojútùú rẹ̀ wá rọrùn: kí n má gbẹ́kẹ̀ lé fọ́ǹtì tó wà lórí fóònù ẹnikẹ́ni. Mo di Noto Sans mọ́ inú áàpù náà. Ọ̀fẹ́ ni, ìwé àṣẹ rẹ̀ gbà kéèyàn fi sínú iṣẹ́ tirẹ̀, kò sì fi MB kan kún un. Charis SIL àti Gentium náà mọ Yorùbá dáadáa. Mo gbé e wọ inú Maami, mo gbé e wọ inú méjì tó kù. Tẹ̀tẹ̀ padà di tẹ̀tẹ̀ lórí gbogbo wọn.

Emulator yẹn tún fi nǹkan kejì hàn mí tí mi ò wá lọ síbẹ̀. Mo tẹ ẹ̀fọ́ síbi tí wọ́n ti ń wá nǹkan nínú áàpù, ó ní kò sí. Mo tún tẹ̀ ẹ́ láti ara kọ̀ǹpútà, ó ní ó wà. Ojú ò lè rí ìyàtọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà kọ ọ́: ọ̀kan fi ẹ ṣáájú kó tó gbé àmì dò lé e, èkejì fi è ṣáájú kó tó fi kiní abẹ́ sí i. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Java ní irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Normalizer tó ń sọ gbogbo wọn di ọ̀kan ṣoṣo, mo sì fi í sójú ọ̀nà kí ọ̀rọ̀ kankan tó wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè tàbí àkójọ orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ lọ dán tiyín wò lónìí. Mo ti wá ọ̀rọ̀ títí lórí irú rẹ̀ rí, tí mo rò pé wọn ò fi síbẹ̀ ni.

Mo tún lọ síbi àmì kókó mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù náà, mo sọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ di EDGE, irú èyí tó máa ń wà lójú ọ̀nà oko. Àwòrán ewé ọ̀dú pẹ́ kó tó yọ. Mo dín ìwọ̀n àwòrán náà kù, mo sì gbé ohùn Màámi sínú áàpù fúnra rẹ̀ kó má máa wá dátà kiri.

Mo fi tuntun náà ránṣẹ́ sí Ìsẹ́yìn ní ọjọ́ Àìkú kan. Màámi pè mí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

“Mo rí òwe yẹn kà. Ó mọ́ lójú mi.”

Mo ní ẹ ṣé, mà.

“Ṣùgbọ́n ewé tó o fi sábẹ́ ṣọkọ yẹn, tẹ̀tẹ̀ ni, kì í ṣe ṣọkọ. Wo bí ìdí ewé rẹ̀ ṣe rí. Ta ló tà á fún ẹ?”

Mo ra méjèèjì lọ́jà Bódìjà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tẹ́ wọn sórí bébà funfun kan, mo ya wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì kọ́kọ́ fi àwòrán wọn han Màámi kí n tó gbé wọn wọlé.